Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní ilé-ìwé

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo òbí àti olùkọ́ tí ọmọ kékeré wà lábẹ́ àbójútó wọn. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ bí sáà bá ti ń parí lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí mo mọ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni, ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọnà ọmọdé ti di ọjà tí òbí ń rà. Ọmọ á ti ilé-ìwé dé, á ní wọ́n ní kí òun mú ìgbálẹ̀ méjì wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin á ní abẹ̀bẹ̀ ni tòun. Èyí tí ó wà ní kíláàsì kẹfà á ní àpò onílẹ̀kẹ̀ tàbí ẹní kékeré. Ìyá wọn á gba ọjà lọ, á náà á, á sanwó, àwọn ọmọ á sì gbé e lọ fún olùkọ́ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú orúkọ wọn lára rẹ̀. Olùkọ́ á fún wọn ní máàkì. Ìgbálẹ̀ á wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà á sì parí síbẹ̀ títí di ìparí sáà mìíràn.

Mo ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Abẹ́òkúta títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé aláró ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo ń sọ. Owó tí àwọn ìyá ń ná dùn mí, nítorí mo mọ bí ó ti le tó fún ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ nínú rẹ̀ ni ó dùn mí jù. Ọmọ náà ń rí i pé wọ́n kọ orúkọ òun sára ohun tí òun kò ṣe, wọ́n yin òun, wọ́n sì fún òun ní máàkì. Kí ni a óò wá wí lọ́jọ́ iwájú bí ó bá wá ẹni tí yóò bá a kọ ìdánwò?

Ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí NERDC, àjọ ìjọba tí ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́, ń ṣe, kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra nǹkan lọ́jà. Ẹ̀kọ́ Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó sì dá lé lórí. Mo mọ ìdí tí ó fi ń yí padà kí ó tó dé inú kíláàsì. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ìyókù. Àwọn ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ lè tó àádọ́ta. Kò sí ọ̀dà, kò sí bébà, kò sí omi tí wọn yóò fi ṣan ọwọ́. Bí àwọn tí ń yẹ ilé-ìwé wò bá sì dé, ìwé ìṣirò ni wọ́n máa ń béèrè, wọn kì í béèrè ìwé àwòrán. Ẹni tí ó bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ó rọrùn láti ní kí ọmọ mú nǹkan bọ̀ láti ilé. N kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gbówó lórí, tí ohun èlò rẹ̀ wà ní àyíká wa, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé orí ọ̀nà náà, ó yẹ kí n mẹ́nu kan àṣà kejì tí kò sàn ju ọjà rírà lọ. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ bá ráyè kọ́ni ní àwòrán yíyà, yóò ya ilé kan sí ojú pátákó: òrùlé onígun mẹ́ta, fèrèsé méjì, ilẹ̀kùn láàárín, igi àgbọn ní ẹ̀gbẹ́, oòrùn ní igun òkè. Gbogbo kíláàsì yóò wò ó yà. Bí ẹ bá kó ìwé wọn jọ, àádọ́ta ilé kan náà ni ẹ óò rí, kò sì sí èyí tí ó jọ ilé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń gbé. Abẹ́ Olúmọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń gbé, láàárín ilé tí páànù orí wọn ti dípẹtà, tí òkúta ńlá yọrí nínú àgbàlá wọn, tí ewúrẹ́ ń sùn sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó wọ inú àwòrán wọn, nítorí pé olùkọ́ kò yà á sí ojú pátákó.

Nígbà kan, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì ya ọjà tí ó súnmọ́ ilé wọn, n kò sì ya ohunkóhun fún wọn wò. Ọmọbìnrin kan ya ìyá rẹ̀ tí ó tóbi ju ìsọ̀ rẹ̀ lọ, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ìwé lókè. Àwọn oníbàárà kéré, wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó sì ya owó sí inú àpò tí ìyá náà so mọ́ ìdí, ó ya á kedere, bí ẹni pé aṣọ àpò náà kò bo nǹkan kan. Mo bi í léèrè bí ó ti ṣe jẹ́ tí a fi ń rí owó tí ó wà nínú àpò. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, Mà. Owó ìwé wa ni." Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje kì í ya ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan. Ó ń ya ohun tí ó mọ̀, a sì máa mú kí ohun tí ó ṣe pàtàkì sí i tóbi ju ìyókù lọ. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò fi bírò pupa fa ìlà sí orí ńlá náà pé kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilére wa, irú Àreògún ti Òsì àti Olówè ti Ìsẹ̀-Èkìtì, kò gbẹ́ orí ère ní ìwọ̀n orí ènìyàn. Nínú ère Yorùbá, orí a máa tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ère náà, nígbà tí ti ènìyàn gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Wọ́n mọ ìwọ̀n ènìyàn. Orí ni wọ́n fẹ́ gbé ga. Ọmọ kékeré tí ó ya orí ńlá kò ṣe ohun tí ó ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí.

Ọjọ́ orí yìí kò sì pẹ́. Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ọ̀pọ̀ yóò sì sọ pé àwọn kò mọ àwòrán yà. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan kí ó tó dé ibẹ̀ kì í sábà ní ìgboyà láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo nípa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí n kò dúró de ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àwọn tí ó ṣíwájú wa jà fún ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, wà ní kékeré, àwọn àwòrán inú ìwé ni ó ń wò yà, nítorí kò sí olùkọ́ àwòrán tí yóò kọ́ ọ. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà, ó padà dé ní 1922, ó sì ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọ. Kò dákẹ́ lórí pé kí ìjọba amúnisìn jẹ́ kí ẹ̀kọ́ àwòrán wọ inú ilé-ìwé, títí tí wọ́n fi mú Kenneth Murray, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Àwọn méjèèjì kò fi ojú kan náà wo iṣẹ́ náà. Onabolu fẹ́ kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan kí ó jọ ara rẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ mọ́ pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè yàwòrán. Murray fẹ́ kí ọmọ ya ìgbésí ayé ìlú rẹ̀, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba rẹ̀. Ní 1937 ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ Murray ní Lọ́ńdọ̀nù, Ben Enwonwu, tí ó wá di gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà, sì wà lára wọn. Ní tèmi, ọ̀nà Murray ni ó yẹ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ti Onabolu sì tẹ̀ lé e nígbà tí ọmọ bá dàgbà tó láti fẹ́ kí àwòrán òun jọ ohun tí òun ń wò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà méjèèjì, ọmọ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Àpẹẹrẹ Òṣogbo tún wà níbẹ̀ fún wa. Ní 1964, nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ìlú náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀, wọn kò sì kọ́ àwòrán ní ilé-ìwé rí. Ohun èlò ni ó kó síwájú wọn, ó sì ń wo ibi tí ọwọ́ olúkúlùkù fẹ́ yà sí. Láti ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami, Rufus Ogundele àti Adebisi Fabunmi ti jáde, tí ayé gbogbo sì mọ iṣẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ́ tí ó ti bàlágà ni wọ́n nígbà náà, wọn kì í ṣe ọmọ ọdún méje. Síbẹ̀, ohun tí ó mú kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ara wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò ya ilé kan sí ojú pátákó fún gbogbo wọn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ dámọ̀ràn ní pàtàkì, tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ni adìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ kọ ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ó bá ọmọ kíláàsì kẹta títí dé kẹfà mu, ó sì lè gba ìdajì sáà kí ó tó parí, èyí tí ó dára, nítorí pé ọmọ nílò iṣẹ́ kan tí yóò padà sídìí rẹ̀ léraléra. Aṣọ òwú funfun kan ni ẹ óò kọ́kọ́ wá. Èyí tí ó ti gbó díẹ̀ pàápàá dára, bí ó bá ṣáà mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn ká a sí méjì, kí wọ́n tún un ká, kí wọ́n tún un ká, títí tí àpá ìká yóò fi pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin dọ́gbadọ́gba. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe yẹn, wọn kò sì ní mọ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní ojú kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ lára aṣọ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń pín aṣọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọnà sí i.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ. Láfún ni wọ́n ń fi ṣe é: wọn yóò kù ú, wọn yóò fi omi tútù pò ó kí ó má bàa ní kókó, wọn yóò sì gbé e kaná, wọn yóò máa rò ó títí yóò fi ki, kí ó lè dúró sórí aṣọ láìṣàn. Àwọn àgbà a máa fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Àwọn aládìrẹ kan tún ń fi oògùn aláwọ̀ búlúù kan sí i tí kò yẹ kí ọmọ fi ọwọ́ kàn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀kọ náà yóò ṣiṣẹ́ láìsí i. Bí ó bá ti tutù, ẹ bù ú sínú ìdérí ike, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ọwọ̀ kan ṣoṣo. Ìyẹ́ dára fún ìlà gígùn, igi ọwọ̀ dára fún tótòtó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò lórí páálí, nítorí pé ẹ̀kọ tí ó bá ti kán sórí aṣọ kò ṣeé pa rẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò tẹ ìyẹ́ náà mọ́lẹ̀ jù ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀kọ yóò sì tàn ká. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Láìpẹ́ ọwọ́ wọn yóò fúyẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ohun tí ọmọ kọ sí aṣọ ni yóò funfun, ohun tí kò fi ọwọ́ kàn ni yóò dúdú. Ó ní láti ronú sẹ́yìn: bí mo bá fẹ́ kí ẹja náà dúdú, àyíká rẹ̀ ni kí n kùn. Mo ti rí ọmọ tí ìṣirò ń fún ní wàhálà tí ó yé e kí ó tó yé àwọn tí ń gba ipò kìíní.

Ní ti ohun tí wọn yóò kọ, ẹ fi iṣẹ́ àwọn ìyá wa hàn wọ́n díẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó wà láyìíká wọn ni wọ́n ń kọ. Nínú adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ọwọ̀n Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n tò pẹ̀lú ṣíbí. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì George Karùn-ún ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n kọ àwòrán òun àti aya rẹ̀ sára adìrẹ, aṣọ náà ni wọ́n sì ń pè ní Ọlọ́ba. Bí ìyá kan ní Ìbàdàn bá lè rí ọwọ̀n gbọ̀ngàn kí ó sọ ọ́ di ọnà, ọmọ Abẹ́òkúta lè fi Olúmọ, kẹ̀kẹ́ márúwá, ìkòkò ọ̀fadà tàbí ẹ̀rọ omi tí ó bàjẹ́ ní ìtòsí ilé rẹ̀ ṣe ọnà. Ẹ jẹ́ kí ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù. Láti 1970 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko ni a ti mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá fi èdè ìyá rẹ̀ ronú lé lórí máa ń yé e yékéyéké. Nínú kíláàsì iṣẹ́ ọnà, kò sí ìdí kankan tí a ó fi máa fipá mú un sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ ganringanrin, ó kan aró, níbí ni mo sì fẹ́ kí olùkọ́ ṣọ́ra gidigidi. Aró àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi ewé èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sá gbẹ ṣe, tí wọ́n sì ń fi omi eérú pò títí yóò fi kan, kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ aládìrẹ òde òní ń lo aró ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kẹ́míkà méjì, kọ́sítíìkì sọ́dà àti háídírò, pò. Sọ́dà yìí a máa jó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó rẹ aṣọ náà ní ìta gbangba, kí àwọn ọmọ dúró sí òkèèrè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, kí wọ́n máa wò. Ohun tí wọn yóò rí tó wọn. Aṣọ tí ó bá ti inú aró jáde kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́ sí i ni yóò máa yí padà lójú wọn títí yóò fi ní àwọ̀ aró. Gbogbo kíláàsì ni ó máa ń pariwo. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, tí wọ́n sì ti fi omi ṣàn án dáadáa, àwọn ọmọ ni yóò fi ọ̀bẹ onírọ́bà họ ẹ̀kọ náà kúrò, olúkúlùkù lórí ojú tirẹ̀.

Fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti kejì, tí ọwọ́ wọn kò tíì lè di ìyẹ́ mú dáadáa, amọ̀ ni ó yẹ wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni ní etí odò. Ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pò ó kí wọ́n sì lù ú mọ́ ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde; kí ohun tí wọ́n bá mọ má nípọn ju àtàǹpàkò lọ; kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ ní ibòji, nítorí oòrùn yóò là á. Kò di dandan kí wọ́n sun ún. Bí amọ̀kòkò bá wà nítòsí, bí ó ti wà ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín fi sí àárín ìkòkò tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá ń sun, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kan lè bẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ tiwọn tán ni kí ẹ wá fi àwòrán àwọn orí amọ̀ Ilé-Ifẹ̀ hàn wọ́n. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, ẹ̀rù yóò bà wọ́n, wọn yóò sì gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ mọ.

Àwọn òbí yóò béèrè ẹni tí yóò sanwó. Èsì mi ni pé wọ́n ti ń sanwó nísinsìnyí. Bí ìyá àádọ́ta bá mú ìdajì owó tí wọ́n fi ń ra abẹ̀bẹ̀ wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, ó yẹ kí ó tó láti ra aṣọ, láfún àti aró fún gbogbo kíláàsì, kí ó sì kù díẹ̀ fún aládìrẹ kan láti Ìtòkú, ọjà adìrẹ ní Abẹ́òkúta, tí yóò wá bá wọn rẹ ẹ́. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n sanwó fún obìnrin náà. A kò gbọdọ̀ ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ wá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí, nígbà tí a ń san owó fún ẹni tí ó wá kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí i pé olùkọ́ òun ń pe aládìrẹ ní "Mà", tí ó sì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ìyá tirẹ̀.

Ní ti máàkì, mo bẹ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n má ṣe fi ẹwà nìkan wọn iṣẹ́ ọmọ. Ẹ wo bóyá ó parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn nígbà tí ọ̀kan kò bọ́ sí i, bóyá ó lè sọ ohun tí ó ṣe àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ déètì sí ẹ̀yìn gbogbo àwòrán, kí ẹ sì kó wọn pamọ́ sínú páálí kan títí di ìparí ọdún, kí òbí lè fi ti oṣù kẹsàn-án wé ti oṣù keje. Ọ̀pọ̀ òbí kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún, ẹ pàtẹ ti gbogbo ọmọ, ẹ má ṣe ṣa mẹ́wàá tí ó dára jù, nítorí àwọn tí wọ́n kò bá ṣà ni kò ní fi ọwọ́ kan kíréyọ̀nù mọ́.

Mo ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa gbogbo pé kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kí sáà tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mú ohun tí wọ́n rà lọ́jà wá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, àti pé kí àwọn tí ń yẹ ilé-ìwé wò máa béèrè àwòrán àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń béèrè ìwé ìṣirò wọn. Bí ilé-ìwé bá nílò ìgbálẹ̀, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kí àwọn òbí sì rà á, láìfi máàkì ọmọ so mọ́ ọn. Ẹ̀yin òbí náà, bí wọ́n bá tún ní kí ẹ lọ ra abẹ̀bẹ̀, ẹ lọ bá olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ béèrè bóyá ọmọ yín lè ṣe nǹkan kan nínú kíláàsì dípò rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ ya ojú ìwé kékeré kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún àwòrán àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Kí àwọn olùkọ́ yà á ní fọ́tò ní ibòji kí ó má bàa dán, kí wọ́n kọ kíláàsì ọmọ náà àti ìlú rẹ̀ sí i, kí ẹ sì tẹ ohun tí ọmọ náà sọ nípa àwòrán rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, láìtún un ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.